Ààwẹ̀ Tí A Gbà Nítorí Irin-iṣẹ́ Ọ̀fẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, nítorí ẹsẹ̀ mi kò tíì gbé mi dáadáa. Olùṣọ́ àgùntàn ní kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí, kí n má fi kún un, kí n má sì yọ kúrò nínú rẹ̀. N kì í ṣe wòlíì. N kò ríran rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò sì bẹ Ọlọ́run pé kí n tún rí òmíràn. Ohun tí kò bá dá mi lójú, màá sọ pé kò dá mi lójú.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi. Èmi Gbénró ni mo ṣe ìkànnì ìjọ wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi náà ni mo sì ń ṣe ti àwọn ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀bù mélòó kan nínú ìlú yìí. Ohun tí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ ni pé ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn irin-iṣẹ́ kéékèèké kan wà tí mo máa ń pè ní àsomọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń ṣe é, wọ́n á sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá wù mú un, kó so ó mọ́ ìkànnì tirẹ̀. Ibi tí ẹ ti máa ń kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà yín ránṣẹ́, tí àwọn ará wa tó wà lókè òkun pàápàá ń lò, àsomọ́ kan ni. Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Arábìnrin kan tó ń gbé ní Abẹ́òkúta ló ṣe é, Adérónkẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Arábìnrin yìí kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ọ̀fẹ́ ni kí ènìyàn mú àsomọ́ náà lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí òun jókòó tì í, kí òun bá a wá ibi tó ti bàjẹ́, kí onítọ̀hún san owó àtìlẹ́yìn. Owó náà kò tó ohun tí ènìyàn ń fi ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Òun ló ń jẹ, òun ló sì fi ń ráyè tún iṣẹ́ náà ṣe nígbà gbogbo, nítorí bí fóònù àti kọ̀ǹpútà bá ti ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ni irú nǹkan báyìí ń bàjẹ́ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Èmi kò san án. Mo wá nọ́ńbà rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnìkan tó jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, mo sì ń tọ̀ ọ́ lọ lórí fóònù. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n Àǹtí ni mò ń pè é, nítorí ẹni tó ń tọrọ kì í dàgbà. Màá kí i kú iṣẹ́, màá kí i kú làálàá, màá béèrè àwọn ọmọ, kí n tó sọ pé nǹkan tún ti dákú mọ́ wa lọ́wọ́, pé ilé Ọlọ́run ni, kó fi ojú àánú wò wá. Yóò dá mi lóhùn. Nígbà míì yóò fi odidi ọ̀sán wá ibi tí àṣìṣe wà. Bó bá ti parí, màá kọ ọ́ sí i pé, "Ọlọ́run á san án fún yín, Àǹtí." Òun náà á kọ, "Àmín." Lójú mi, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ìjọ yìí ń san owó ìtọ́jú ìkànnì fún mi, àwọn ilé-ìwé náà ń san án, mo sì ń gbà á. N kò rò pé mo jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é, mo sì mú un lọ́fẹ̀ẹ́.

Láìpẹ́ yìí ni arábìnrin náà kọ ìkéde síta. Ó ní iṣẹ́ náà ti wúwo jù fún òun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń lò ó, àwọn tó ń san owó àtìlẹ́yìn kò sì tó nǹkan. Ó ní bí kò bá sí ìyípadà kí oṣù tó parí, òun yóò gbé e kalẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ẹgbẹ́ aláàdúrà wa. Ìyá Ìjọ ní ọ̀tá fẹ́ dí ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀bẹ̀ ń gbà wọlé, a kò sì ní gbà fún un. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nìyẹn, kí Ọlọ́run lè fọwọ́ kan ọkàn arábìnrin náà, kó má ṣe jáwọ́ nínú iṣẹ́ rere. Kò sí ẹni tó béèrè pé èló ni owó àtìlẹ́yìn náà. Èmi tí mo mọ iye rẹ̀ kò sọ ọ́.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ ṣínu, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Orí ń fọ́ mi. Mo tún gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan sí i pé, "Olúwa, fọwọ́ kan ọkàn rẹ̀." Mo gbé orí lé ògiri. Mo ṣì ń gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń kọrin níta, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ mọ́.

Ó dà bí ẹni pé wọ́n yọ ilẹ̀ lábẹ́ mi. Mo rí i pé ojú ọ̀nà oníyanrìn kan ni mo dúró sí, ọkùnrin kan sì dúró tì mí. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, aṣọ náà mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù bí ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la odò kọjá. N kò lè wo ojú rẹ̀ pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ìránṣẹ́ ni òun náà, kí n sì máa tẹ̀ lé òun láìfọwọ́ kan ohunkóhun àfi bí òun bá ní kí n fọwọ́ kàn án.

Kì í ṣe iná ni mo kọ́kọ́ rí. Òórùn ni mo gbọ́, òórùn bí ìgbà tí wáyà iná bá ń jó nínú ògiri. Lẹ́yìn náà ni ooru dé, tí ojú mi ń ta. Mo rí àwọn kan tí ahọ́n wọn ti gùn di okùn. Ó wé mọ́ ọrùn wọn, bí wọ́n bá sì ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣe ló ń fún wọn sí i. Olùdarí mi ní, "Òpùrọ́ ni wọ́n. Ohun tí wọ́n fi so ẹlòmíràn ló so wọ́n." Mo rí àwọn alágbèrè, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn tó pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ilé tirẹ̀ ni olúkúlùkù ń rí nínú rẹ̀, ìdílé rẹ̀ jókòó ti oúnjẹ, kò sí ẹni tó gbójú sókè wò ó, ilẹ̀kùn á sì tún padé mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo rí àwọn aninilára, àwọn tó gba ilẹ̀ onílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń bu ilẹ̀ gbígbóná náà lọ dà sí kòtò kan tí kò nísàlẹ̀. Mo rí ẹnìkan tí mo mọ̀ nínú wọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ láyé.

Ẹ̀yin ará, kí n má purọ́, bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí náà ni inú mi ń dùn díẹ̀díẹ̀. Mò ń sọ ọ́ nínú ara mi pé mo fẹ́ràn ìyàwó mi, n kò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, n kì í sì í ṣe òpùrọ́. Mo ti ń rìn bí ẹni tó wá ṣe àbẹ̀wò.

Bí a ti tún ń gba ọ̀dọ̀ àwọn òpùrọ́ kọjá ni mo rí àpótí ìjókòó kan láàárín wọn, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Mo béèrè ẹni tó ni ín. Olùdarí mi ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìjókòó tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Mo ní, "Ó jọ pé ẹni tó ni ín kò tíì lọ jìnnà."

Ó ní, "Kò tíì sí ẹni tó jókòó lé e rí. Ṣe ló ń gbóná bọ̀."

Ó mú mi kúrò níbẹ̀, a gun òkè kan, ooru náà dúró lẹ́yìn wa. Bí a ti dé òkè, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dà bí ìgbà tí òjò dá tán tí oòrùn yọ. Àwọn ènìyàn jókòó káàkiri láìsí ìkánjú, òmíràn sùn, òmíràn kàn na ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pe ẹnìkejì rẹ̀ pé wá bá mi ṣe nǹkan. Lábẹ́ igi ọsàn kan ni mo ti rí màmá mi.

Onídìrí ni màmá mi nígbà tó wà láyé, ní ìlú tí wọ́n ti bí mi. Kó tó kú, àwọn ìka rẹ̀ ti ká kò, kò lè na wọ́n mọ́. Níbi tí mo ti rí i yìí, àwọn ìka náà nà tọ́ọ́rọ́, ó gbé wọn lé itan bí ohun tuntun. Mo sunkún. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Gbénró, o ti rù."

Mo ní, "Ààwẹ̀ ni, Màámi."

"Ààwẹ̀ kí ni?"

Mo ṣàlàyé fún un, láti orí ẹ̀bẹ̀ àdúrà dórí arábìnrin tó fẹ́ jáwọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń rín bí oníbàárà bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ṣiṣẹ́ ni ebi ń pa, ẹ̀yin tí ẹ jẹun yó lẹ wá ń gbààwẹ̀."

Ó wá bi mí bóyá mo rántí àwọn ará ilé ìyàwó tí wọ́n máa ń wá dirun lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo rántí. Òun á dúró láti àárọ̀, á dirun ìyàwó, á di ti àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, wọ́n á yẹ orí wò nínú dígí, wọ́n á ní, "Ọlọ́run á san án fún yín, Ìyá Gbénró," wọ́n á sì máa lọ. Òun á ní, "Àmín." Gàárì lásán la máa ń rẹ mu ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, láìsí ṣúgà.

Màmá mi ní, "Ìwọ lo sọ fún mi nígbà náà pé bí o bá dàgbà, ẹni tó bá tún fi àmín sanwó fún mi, wàá fọ́ ọ létí. Ta ni kí n wá rán sí ọ báyìí?"

Kò pariwo mọ́ mi. Ó ṣáà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, olùdarí mi ní ó tó.

Ó mú mi gba ẹ̀yìn ògiri kan, ibẹ̀ kì í ṣe ti òkè, kì í sì í ṣe ti ìsàlẹ̀. Ohun tó wà nínú àgbàlá náà dà bí ẹyẹlé, funfun, wọ́n pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ. Wọ́n ń lu ìyẹ́, wọ́n ń fò dé ìdajì ògiri, wọ́n á sì já bọ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti já bọ́, á sọ̀rọ̀ lóhùn ènìyàn. Olùdarí mi ní, "Àdúrà ni wọ́n. Ẹni tó lè sanwó ló fi wọ́n dípò owó. Wọn kò lè gòkè." Mo ń gbọ́ oríṣiríṣi ohùn, ohùn àwọn oníbàárà onítélọ̀, ohùn àwọn tó gun ọ̀kadà, ohùn àwọn tí wọ́n kọ́ ọmọ wọn ní ẹ̀kọ́ àfikún. Ọ̀kan wá já bọ́ síwájú mi, ó la ẹnu, ohùn tèmi ni. Ó ní, "Ọlọ́run á san án fún yín, Àǹtí." Òmíràn já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn tèmi náà ni. Òmíràn tún tẹ̀ lé e.

Mo ní kí a máa lọ. Ó tọ́ka sí ìpẹ̀kun àgbàlá náà.

Mo rí obìnrin kan tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. N kò rí ojú rẹ̀ rí láyé, ṣùgbọ́n ara mi sọ fún mi pé Adérónkẹ́ ni. Mo béèrè bóyá ó ti kú. Olùdarí mi ní, "Kò tíì kú. Àárẹ̀ rẹ̀ ni o ń wò." Ọ̀já aṣọ ló wà ní ìbàdí rẹ̀, ní apá rẹ̀, ní ọrùn rẹ̀, aṣọ rírọ̀ tó dára, kò sí èyí tó le, kò sí èyí tó ń dunni lára nínú wọn, àwọn tó di ìpẹ̀kun àwọn ọ̀já náà mú kò sì bú u, ṣe ni wọ́n ń kí i, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, olúkúlùkù ń fà á díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, obìnrin náà sì ń tẹ̀ síwájú, ó ń tẹ̀ síwájú, títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́ kan tábìlì, kò sì já ọ̀kankan, ó kàn ń sọ pé àmín, àmín, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, mo di ọ̀já kan mú kí n lè já a, mo tẹ̀ lé e kí n lè rí ẹni tó di ìpẹ̀kun rẹ̀ mú, mo ń tẹ̀ lé e, mo ń tẹ̀ lé e, ó yí gba ẹ̀yìn mi, ó sì wé mọ́ ọrùn ọwọ́ mi.

Mo ṣubú. Mo ní, "Olúwa mi, ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é."

Ó ní, "Ọ̀fẹ́ ni irin-iṣẹ́ náà. Ṣé ọ̀fẹ́ ni oorun rẹ̀?"

Mo ní mo gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run kó fọwọ́ kan ọkàn rẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ le. Ó ní, "Ọlọ́run ti dá àdúrà yẹn lóhùn kí o tó gbà á. Ó fi owó àtìlẹ́yìn rẹ̀ rán ọ láti ọwọ́ ìjọ. Ìwọ la rán níṣẹ́, o wá dá iṣẹ́ náà padà fún Ẹni tó rán ọ, o ní kí Ó lọ jẹ́ ẹ fúnra rẹ̀."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ òórùn wáyà tó ń jó. N kò mọ bí a ṣe dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí ìjókòó yẹn ló wà lẹ́yìn orúnkún mi, kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́, ó ń jó mi. Mo di aṣọ iṣẹ́ olùdarí mi mú. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo béèrè bóyá àyè ṣì wà.

Ó ní, "Títí tí obìnrin yẹn yóò fi gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀."

Omi tútù ló jí mi. Ilẹ̀ ni mo wà, lẹ́yìn pẹpẹ, ìyàwó mi ń fi ọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ mi, Ìyá Ìjọ ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé mo ti dákú, pé wọ́n wá èémí mi títí wọn kò rí i. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n gbé fóònù mi fún mi. Ìyàwó mi bú sẹ́kún, ó rò pé orí mi ti dàrú. Olùṣọ́ àgùntàn ní, "Arákùnrin Gbénró, ẹ kọ́kọ́ mu tíì." Mo ní fóònù ni mo fẹ́.

Ìyàwó mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo san owó àtìlẹ́yìn, mo san ti ìjọ, mo san ti gbogbo ilé-ìwé tí mo ti so nǹkan náà mọ́. Mo wá kọ̀wé sí i. N kò pè é ní Àǹtí. Mo ní, "Adérónkẹ́, èmi Gbénró ni. N kò ní ìbéèrè kankan. Iṣẹ́ yín ni mo sanwó rẹ̀." Gbogbo ẹgbẹ́ aláàdúrà dúró yí mi ká. Mo ti sọ ìdí rẹ̀ fún wọn ní ṣókí, kò sì sí ẹni tó tún kọrin mọ́.

Kò pẹ́, owó náà padà wá, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdáhùn wọlé. Olùṣọ́ àgùntàn ló kà á sókè, nítorí omijé kò jẹ́ kí n rí i. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbé e kalẹ̀ lọ́sàn-án yìí, n kò wá lè gba owó àtìlẹ́yìn ohun tí n kò tọ́jú mọ́. Èyí tó ti kọjá, mo ti ṣe àmín sí i. Ọlọ́run á san án fún yín."

Bí àṣà wa, ẹnu kan ni gbogbo wọn fi dáhùn pé, "Àmín." Olùṣọ́ àgùntàn náà dáhùn. Èmi nìkan ni n kò lè la ẹnu.

Ẹ̀yin ará, n kò mọ bí ẹjọ́ mi yóò ṣe rí lókè. Mo ti tún bẹ̀ ẹ́ kó gba owó náà, kò tíì dá mi lóhùn, n kò sì ní fi dandan mú un. Ibi ẹ̀bẹ̀ àdúrà wa ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́ lọ́la, kò sí ẹni tí màá pè. Àwọn mìíràn ṣì wà tí a kò mọ ojú wọn, tí a ń jẹ nínú iṣẹ́ wọn, tí wọn kò tíì gbé ẹrù kalẹ̀. Ẹ wá wọn kàn lónìí. Bí ẹ bá tún fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé Ọlọ́run á san án fún un, mo fi orúkọ Olúwa bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín, bóyá Ó ti fi í síbẹ̀. Mo ti fọwọ́ kan ìjókòó yẹn. Ó ń gbóná bọ̀.